Ebè Tí Kò Ní Èbù

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, ní ìlú Rabat, Morocco ti gbá bọ́ọ̀lù méjì sáwọ̀n Super Falcons, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí. Nígbà tí ikọ̀ méjèèjì padà wọ pápá, Esther Okoronkwo gbá pẹnáritì wọlé, Folashade Ijamilusi sọ ọ́ di ọ̀mì, Jennifer Echegini sì fi ẹ̀kẹta dé e nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí. Báyìí ni Nàìjíríà ṣe gba ife-ẹ̀yẹ àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀kẹwàá. Nígbà tí wọ́n délé, Ààrẹ Tinubu fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní 100,000 dọ́là, ilé oníyàrá mẹ́ta àti oyè orílẹ̀-èdè OON. Ẹ̀bùn náà tọ́ sí wọn, kò sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í yọ̀ sórí iṣu tó tà lọ́jà kó gbàgbé èbù tí yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò ni pé líìgì obìnrin wa kò lè fìdí múlẹ̀ títí a ó fi gbé díẹ̀ nínú owó àti àkíyèsí tó ń tẹ̀lé ìkórè síwájú, ká gbé e dé pápá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìlú kéékèèké wa bíi Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹ̀rúnmu àti Àkànràn.

Líìgì tó ga jù fún àwọn obìnrin ní Nàìjíríà, èyí tí a ń pè ní NWFL Premiership, ti wà láti ọdún 1990. Àwọn èèyàn bí Ọmọọba Bọ́lá Jẹ́gẹ́dẹ́ ló náwó nára sí bọ́ọ̀lù obìnrin nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà á sí. Láti bí ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, Rivers Angels, Bayelsa Queens, Delta Queens àti Edo Queens ló ń gba ife náà lọ́wọ́ ara wọn, ìjọba ìpínlẹ̀ ló sì ń bọ́ wọn. Nílẹ̀ Yorùbá, Sunshine Queens wà ní Àkúrẹ́, Remo Stars Ladies wà ní Ìkẹ́nnẹ́, FC Robo wà ní Èkó. Ẹ jẹ́ ká wo FC Robo yẹn dáadáa. Ibẹ̀ ni Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, gbà kọjá lọ sí Rivers Angels, kó tó lọ sí Liverpool, kó tó wá gba ife Champions League pẹ̀lú Barcelona ní 2021, obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Rasheedat Ajibade, ọmọ Mushin, gbà dé Norway, tó fi dé Atlético Madrid, òun ló sì jẹ́ balógun ikọ̀ wa ní Rabat. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ẹgbẹ́ kan nítòsí ilé tó gbà wọ́n wọlé. Ọmọbìnrin tó ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlú kékeré wa bí Ẹ̀jíòkú, ta ni yóò rí i?

Ẹni tó bá ní ìlú wa kéré jù, kó wo Iceland, erékùṣù olótùútù kan ní àríwá Yúróòpù. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò tó 400,000. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin tí àwọn ìlú wa yìí wà nínú wọn, Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, nìkan ti ní nǹkan bí 900,000, ìyẹn ju ìlọ́po méjì wọn lọ. Síbẹ̀, Iceland ti ní líìgì obìnrin láti 1972, ìdíje Yúróòpù márùn-ún tẹ̀léra, láti 2009 dé 2025, ni àwọn obìnrin wọn sì yege láti lọ. Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣòro lóye. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kan náà ló ń gba ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin láti kékeré, tí kóòṣì tó kọ́ṣẹ́ ń tọ́ wọn. Nítorí yìnyín, wọ́n kọ́ pápá olórùlé kí eré má baà dúró. Ní Hafnarfjörður, ìlú tí èrò rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30,000 lọ, ni Sara Björk Gunnarsdóttir ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù. Ní 2020, ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Lyon nínú àṣekágbá Champions League. Àwa kò ní yìnyín. Oòrùn wa kì í lé ọmọdé kúrò ní pápá.

Ẹ yà sí ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ní àgbègbè yìí nígbà ìsinmi ọ̀sán. Àwọn ọmọkùnrin ti gba àárín pápá, wọ́n fi òkúta méjì méjì ṣe ojúlé. Àwọn ọmọbìnrin wà lábẹ́ igi, wọ́n ń ta tẹ́ǹ-tẹ́ǹ: wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fò, wọ́n sì ń na ẹsẹ̀ ọ̀tún tàbí òsì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà bí orin bá ti bọ́ sí i. Ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ nà ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ wo ohun tí eré yẹn ń kọ́ wọn: ìwọ̀n ara, ìyára, kíka èrò ọ̀tá kó tó gbé ẹsẹ̀. Ohun tí kóòṣì ń wá náà nìyẹn. Ẹsẹ̀ wọn ti ṣetán. Bọ́ọ̀lù ni kò tí ì dé ibẹ̀.

Àwọn òbí yóò sọ pé iṣẹ́ wà nílé. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Gbàgúdá fẹ́ bíbó, omi fẹ́ pípọn, ọjà kì í sì í dúró de ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ń jẹ́ kí ọmọkùnrin lọ gbá bọ́ọ̀lù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń pọn omi tí yóò fi wẹ̀ nígbà tó bá dé. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ká pín in. Bí ọjọ́ ọjà bá dé, ká sún eré sí ọjọ́ kejì. Wákàtí méjì nínú ọ̀sẹ̀ kò lè ba ìdílé kankan jẹ́.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bọ́ọ̀lù yóò dí ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́, tàbí pé yóò ba ara obìnrin jẹ́ fún ọmọ bíbí. Ìbẹ̀rù nípa ẹ̀kọ́ kì í ṣe lásán, nítorí ẹni tí bọ́ọ̀lù bá já kulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nílò ohun mìíràn. Ìdí gan-an tí eré náà fi yẹ kó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn, kí ẹni tí kò bá wá sí kíláàsì má lè wọ jẹ́sì. Michelle Alozie ti Super Falcons kàwé gboyè ní Yale, ó sì tún ṣiṣẹ́ ìwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ. Ní ti ọmọ bíbí, Sara Björk tí mo dárúkọ lókè bí ọmọ ní 2021, ó sì padà gbá bọ́ọ̀lù fún Iceland nínú ìdíje Yúróòpù ní 2022. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá ń kọ lóminú, kó mọ̀ pé láti 2014 ni òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ti fàyè gba ìborí, Nouhaila Benzina ti Morocco sì wọ híjáàbù gbá Ife Àgbáyé ní 2023.

Àwíjàre tó kù ni pé kò sí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù obìnrin, nítorí náà kò lè mówó wá. Ìtàn kò gbè é lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1920, nǹkan bí 53,000 èèyàn wo àwọn obìnrin Dick, Kerr Ladies ní pápá Everton ní Liverpool. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn obìnrin kúrò lórí gbogbo pápá tó wà lábẹ́ rẹ̀, òfin yẹn sì dúró fún àádọ́ta ọdún. Èrò wà nígbà náà. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì. Lónìí, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n òkúta méjì tó wà láàárín pápá, tí kò sí ẹni tó ń pe ọmọbìnrin wọ̀ ọ́, ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ohun tí a nílò kò tó ilé oníyàrá mẹ́ta kan. Bọ́ọ̀lù bíi mélòó kan fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ obìnrin kan tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ kóòṣì, àti ìdíje kékeré tí ilé-ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ra yóò máa ṣe láàárín ara wọn, kí owó ọkọ̀ má baà pa á. Kí ìjọba ìbílẹ̀ dáàbò bo pápá kí wọ́n má kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí rẹ̀. Nígbà tí ìyàn mú gan-an, àgbẹ̀ a máa fi ebi sùn kó má baà jẹ èbù tó wà nínú abà, torí ó mọ̀ pé ebè tí kò ní èbù, koríko ni yóò hù. A ti ní ebè tó ga: líìgì ti wà, ife mẹ́wàá ti wà. Àwọn èbù náà wà lábẹ́ igi ní ọ̀sán yìí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń na ẹsẹ̀.