Ordinal àti multinomial logistic regression

Ordinal logistic regression àti multinomial logistic regression jẹ́ ọ̀nà ìṣirò méjì fún àbájáde tó pín sí ìsọ̀rí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Multinomial yẹ fún ìsọ̀rí tí kò sí èyí tó ga ju òmíràn lọ, bí èdè tí ènìyàn ń sọ nílé. Ordinal wà fún èyí tó tò léra, bí àìsàn tó fúyẹ́, èyí tó le díẹ̀ àti èyí tó le gan-an.

Títò léra nìkan kò tó. Irú ordinal tó wọ́pọ̀ jùlọ, tí Peter McCullagh ṣàlàyé ní ọdún 1980, gbà pé ipa ohun kọ̀ọ̀kan dọ́gba ní gbogbo ààlà ìsọ̀rí. Bí oògùn kan bá ń sọ àìsàn tó le díẹ̀ di fífúyẹ́, ṣùgbọ́n tí kò ran ẹni tí tirẹ̀ le gan-an lọ́wọ́, iye kan ṣoṣo tí ordinal fún oògùn náà yóò bo ìyàtọ̀ yìí mọ́lẹ̀.

Multinomial kì í bò ó, àmọ́ ó ń béèrè dátà púpọ̀: fún ìsọ̀rí 5 àti ohun 4 tó lè nípa lórí wọn, iye 20 ni ó gbọ́dọ̀ ṣírò, 8 péré ni ti ordinal.