Ìrọbí: Iṣẹ́ tí Ara Mọ̀ ọ́n Ṣe

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ tó rí kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀wàrà ni oyún rẹ̀ pé, ìyẹn ọjọ́ 280. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń bí lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ọmọ bá dé láàárín ọjọ́ 17 oṣù Owérè sí ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà, kò yá jù, kò sì pẹ́ jù.

Ilé ọmọ, iṣan ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Látìgbà tí oyún ti dúró ni ẹnu rẹ̀ ti le, tó sì pa dé. Bí àkókò bá ń tó, á rọ̀, á fẹ́lẹ́, ikun tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ á sì yọ. Lẹ́yìn náà ni ìrọbí á mú: ìrora á gbéra láti ẹ̀yìn, á yí wá síwájú, ikùn á le gbagidi bíi pákó, á sì tún tú. Bó ti ń le, tó ń tú, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ilé ọmọ ń là títí á fi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ìtura àárín yẹn ṣe pàtàkì, ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ń ráyè dé ọ̀dọ̀ ọmọ dáadáa.

Èròjà kan tí ń jẹ́ oxytocin, tí ń ti abẹ́ ọpọlọ wá, wà lára ohun tó ń darí iṣẹ́ yìí. Henry Dale ló kíyè sí agbára rẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1906. Orí ọmọ á tẹ ẹnu ilé ọmọ, ara á gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ á tú oxytocin sí i, ilé ọmọ á fún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbẹ̀rù lè fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn, nítorí náà ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó jókòó ti ẹni tó ń rọbí, tó ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Ìkúnlẹ̀ táwọn ìyá wa ń kúnlẹ̀ bímọ náà mọ́gbọ́n dání: egungun ìdí ń ráyè sún, ọmọ sì ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń kánjú. Kí ẹnu ilé ọmọ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, pàápàá fún àkọ́bí. Lẹ́yìn ìyẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2018 pé kì í sábà ju wákàtí 12 lọ fún àkọ́bí, àti 10 fún àwọn tó tẹ̀ lé e. Agbo tí wọ́n fi ń lé ọmọ, abẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n, ọwọ́ tí wọ́n fi ń ti ikùn: gbogbo rẹ̀ lè fa ilé ọmọ ya. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Bí ọmọ bá jáde, kí wọ́n gbé e lé àyà ìyá, kí wọ́n má sì tètè gé ìwọ́. Ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta tó. Bí ọmọ bá ti ń mu ọmú, oxytocin tún ń dé, ilé ọmọ á fún, ibi á jáde, ojú ẹ̀jẹ̀ á pa dé. Ibi tí ẹ̀mí ìyá ti ń bọ́ jù nìyí tí ilé ọmọ kò bá fún. Ìwádìí E-MOTIVE, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2023, kan obìnrin tó lé ní 200,000. Wọ́n tẹ́ rọ́bà tó ní ìlà òṣùwọ̀n sábẹ́ ìyá láti fi wọn ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì tètè tọ́jú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yíya tó le àti àbájáde búburú rẹ̀ fi ìdá 60 nínú 100 dín kù.

Ẹ̀yin ará Ìrèsì, ẹ̀yin Ọ̀tan Ayégbajú àti Ìlá, ẹ ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ kí oṣù tó pé, kí ẹ sì mọ ẹni tó lè fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, bí orí bá ń fọ́ tí ojú ń ṣú, bí omi tó dà bá ní àwọ̀ ewé tàbí tó ń rùn, tàbí tí ọmọ kò mira mọ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́: ẹ gbé aboyún náà lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tàbí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo.