Bí atẹ́gùn inú bàálù bá tú jáde lójú agbami, ṣé epo rẹ̀ á gbé e délẹ̀?

Kokomlemle àti Accra New Town, tí wọ́n ń pè ní Lagos Town tẹ́lẹ̀, múlé ti ara wọn nílùú Accra, lórílẹ̀èdè Ghana. Ó ti pẹ́ tí ọmọ Yorùbá ti ń gbé lágbègbè náà. Ẹni tó bá gbéra níbẹ̀ lọ sí New York yóò fò ju 8,000 kìlómítà lọ, orí òkun Àtìláńtíìkì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní ọdún 2023, bàálù Delta kan tó ń ti Accra lọ sí New York yà sí Terceira, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Azores tó jẹ́ ti Portugal. Iléeṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ ọ́síjìn tó wà fún pàjáwìrì ló níṣòro. Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé nítorí ọ́síjìn tí wọ́n kàn fi pamọ́ ni wọ́n ṣe máa yà lọ́nà?

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí atẹ́gùn bá tú?

Ní nǹkan bíi 35,000 ẹsẹ̀ bàtà tí bàálù ń fò, atẹ́gùn fẹ́lẹ́ débi pé láàárín ìṣẹ́jú kan, èèyàn lè má mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Ẹ̀rọ ló ń fún atẹ́gùn sínú bàálù tí a fi ń rí i mí. Tí atẹ́gùn náà bá tú jáde, ìbòmú á já bọ́ láti òkè, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ bàálù, ọ́síjìn rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú 12 sí 20 lọ.

Nítorí náà, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tètè sọ̀ kalẹ̀ sí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí èèyàn ti lè mí láìlo ìbòmú. (Ọpẹ́ ni pé kò sí òkè ńlá lójú agbami tó máa dí i lọ́wọ́.)

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ epo ti wọlé. Atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ki ju ti òkè lọ, bàálù á sì máa jẹ epo gan-an. Ó dà bíi dánfó tó ń fi jíà kejì rìn láti Ìbàdàn dé Èkó. Epo tó yẹ kó gbé e dé New York lókè lè má gbé e débẹ̀ nísàlẹ̀.

Ibi tó burú jù ni wọ́n ń wò

Kí bàálù tó gbéra, àwọn tó ń ṣètò ìrìnàjò á ti yan pápákọ̀ òfurufú tó lè balẹ̀ sí lójú ọ̀nà. Sal ní Cape Verde, Lajes ní Terceira àti Bermuda wà lára èyí tó wúlò lórí òkun yìí. Wọ́n á wá ibi tó jẹ́ pé iye àkókò kan náà ni yóò gbà láti lọ síwájú tàbí padà sẹ́yìn. Wọ́n á wá ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni atẹ́gùn ti tú. Fún bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì, wọ́n tún ń ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì kan kú lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá gba epo jù ni wọ́n ń mú, wọ́n á sì fi epo tó lè yípo fún ìṣẹ́jú 15 kí ó tó balẹ̀ kún un.

Tí epo tó yẹ kó kù níbẹ̀ kò bá tó, wọ́n gbọ́dọ̀ fi kún un nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í lò ó. Gbígbé e lásán pàápàá ń jẹ epo, ó sì lè mú kí wọ́n já ẹrù kan sílẹ̀.

Àmọ́ gbogbo ìṣírò yìí dá lórí pé àwọn èèyàn inú bàálù á rí ọ́síjìn mí títí bàálù á fi sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹ̀rọ ọ́síjìn bá ti níṣòro, epo tó kún táǹkì kò lè dí àlàfo yẹn.