Gbèsè Tó Sùn, Gbèsè Tó Kú

Ká sọ pé ẹ̀gbọ́n ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò rẹ̀ sì ń gbé Glasgow ní Skọ́tíláǹdì. Ọdún kan náà làwọn méjèèjì gba káàdì àwìn, ọdún kan náà niṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, oṣù kan náà ni wọ́n sì sanwó gbẹ̀yìn. Báǹkì kọ̀wé, ó pè, ó sú u. Ọdún mẹ́jọ kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́tà já bọ́ sẹ́nu ọ̀nà wọn látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọn ò yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ rí: "A ti ra gbèsè yín. Ẹ wá san án."

Lẹ́tà kan náà, iye kan náà. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n ṣì jẹ gbèsè, kí àbúrò má sì jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ọba kan ló ń jẹ lórí àwọn méjèèjì, àmọ́ òfin gbèsè wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéèlsì ń lo òfin gbèdéke ọdún 1980. Ọdún mẹ́fà ló fún olówó láti gbé ajigbèsè lọ sí kóòtù lórí irú àdéhùn yìí. Òfin ti Skọ́tíláǹdì, tó ti wà láti 1973, fi ọdún márùn-ún sílẹ̀. Ẹni tó bá wo iye ọdún nìkan á ní ìyàtọ̀ ọdún kan ò tó nǹkan. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí gbèdéke bá pé ni ká wò.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbèsè náà sùn ni, kò kú. Ilẹ̀kùn kóòtù ló tì mọ́ olówó, owó rẹ̀ ò pa rẹ́. Ó ṣì lè kọ̀wé pé kí ajigbèsè san. Bí ìyẹn bá sì fínnúfíndọ̀ san, gbèsè tòótọ́ ló san. FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò owó, ti fi ìjánu sí i: bí olówó ò bá kàn sí ajigbèsè rárá láàárín ọdún mẹ́fà náà, kò gbọdọ̀ lépa rẹ̀ mọ́, bí ajigbèsè bá sì sọ pé òun ò ní san torí gbèdéke ti kọjá, kí wọ́n fi í lọ́rùn sílẹ̀ ni. Ẹ kíyè sí i pé ajigbèsè ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bó dé kóòtù, adájọ́ kì í bá a gbé gbèdéke kalẹ̀. Ẹni tó bá gba ìwé ìpẹ̀jọ́, tó kì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, lè jí lọ́jọ́ kan kó bá ìdájọ́ lórí gbèsè tí òfin ì bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Skọ́tíláǹdì, bí ọdún márùn-ún bá pé, tí olówó ò pẹjọ́, tí ajigbèsè ò sì jẹ́wọ́ gbèsè lákọsílẹ̀ tàbí kó san díẹ̀ nínú rẹ̀, gbèsè kú pátápátá. Kò sóhun tó kù tí ẹnì kan lè béèrè. Lóòótọ́, níbẹ̀ náà, ẹni tó bá dákẹ́ nígbà tí ìwé kóòtù dé, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nínú kíka ọdún, àwọn méjèèjì sún mọ́ra. Sísan díẹ̀ kí gbèdéke tó pé á dá kíkà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ará Lọ́ńdọ̀nù tó ti lo ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́wàá, tó wá fi pọ́n-ùn márùn-ún tu olówó lójú, ti fọwọ́ ara rẹ̀ ra ọdún mẹ́fà mìíràn. Ní 2019, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún là á yéni pé, fún káàdì àwìn, ìgbà tí ọjọ́ inú ìwé ìkìlọ̀ àìsanwó bá pé ni kíkà ń bẹ̀rẹ̀. Bí báǹkì ẹ̀gbọ́n bá fi ọdún mẹ́ta jókòó kó tó kọ ìwé náà, ọdún mẹ́jọ rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ lójú adájọ́.

Amẹ́ríkà kó ìwà méjèèjì sábẹ́ òrùlé kan. Ní Wisconsin àti Mississippi, gbèsè ń kú. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù, ó ń sùn ni, níbòmíràn ìsanwó kékeré sì lè jí i lẹ́yìn tí gbèdéke ti kọjá. New York dí ihò yẹn ní 2022, ó sì gé ọdún mẹ́fà sí mẹ́ta.

Ẹ̀kọ́ ilé wa á fẹ́ gbè sẹ́yìn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbàá ìbànújẹ́ kò san igba gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ gígorí ọjọ́ kì í san án. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń tajà láwìn kiri kò mọ gbèdéke: wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó á fi jáde. Ṣùgbọ́n òṣómàáló mọ ẹni tó gbéṣọ fún, ẹni yẹn náà mọ̀ ọ́n, aládùúgbò sì jẹ́rìí. Ta ló jẹ́rìí sí lẹ́tà Peckham yìí? Ilé-iṣẹ́ tó kọ ọ́ fi owó tó kéré jìnnà sí gbèsè náà ra orúkọ àti iye. Ìwé àdéhùn lè ti sọnù, báǹkì lè ti pààrọ̀ orúkọ, ajigbèsè fúnra rẹ̀ lè má rántí ohun tó san. Ìdí tí òfin fi dá ọjọ́ sí ọ̀rọ̀ nìyẹn: ẹ̀rí ń jẹrà ju gbèsè lọ.

Nítorí náà, bó bá ṣe tèmi, màá mú ọdún mẹ́fà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí olówó má bàa ní wọ́n kán òun lójú. Màá sì mú ikú Skọ́tíláǹdì. Gbèsè tó sùn ń ṣojú rere sí ẹni tó mọ òfin, ó sì ń jẹ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Títí dìgbà náà, kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wá ọjọ́ inú ìwé wọn kí wọ́n tó fèsì, kí wọ́n sì wo òfin ilẹ̀ tí àdéhùn dárúkọ. Bí ọjọ́ bá ti pé, àbúrò á kọ ọ́ pé: "N kò jẹ yín." Ẹ̀gbọ́n ò lè kọ bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ni: "Ẹ ò lè fi kóòtù gbà á mọ́."