Ta Ló Ni Ẹ̀gà Olórí Pupa?

Bàbá arúgbó kan ní Òkè-Ọ̀dàn ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Mo fi àwòrán ẹyẹ kan hàn wọ́n lórí fóònù, ẹyẹ dúdú tí orí àti àyà rẹ̀ pupa fòò. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ̀gà inú igbó wa nìyí. Báwo ló ṣe di ti Ìbàdàn?"

Ní 1958 ni J. H. Elgood, òyìnbó kan ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé: Malimbus ibadanensis, ìyẹn ti Ìbàdàn. Kò sí i níbòmíràn láyé àfi ilẹ̀ Yorùbá, láàárín Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìpẹru àti Ìlárò, ó sì ti wà lára àwọn ẹyẹ tó ń kú lọ.

Bàbá ò gbà. Wọ́n ní bí òyìnbó náà bá ti kọ́kọ́ ya Ìlárò ni, Ìlárò ni ẹyẹ ì bá máa jẹ́. Wọ́n tún fi ogun Dàhòmì tó tú Òkè-Ọ̀dàn ní 1848 kún un: èèyàn sá, igbó bo oko, ẹ̀gà wọlé. Ìtàn bàbá nìyẹn. Mo gbé ẹjọ́ náà dé iwájú ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìbàdàn paraku. Ó ní kí ẹni tó fẹ́ gba orúkọ kọ́kọ́ fi igbó hàn.

Ibẹ̀ ló ti mú wa. Nígbà tí wọ́n dá iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ń dáko sí ni wọ́n gbà. Àgbẹ̀ kúrò, igi padà hù, ó di igbó bíi 350 hẹ́kítà tí wọ́n ń ṣọ́. Ẹ̀gà yìí wà níbẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa, níbi tí Òkè-Ọ̀dàn wà, ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ igbó ọba, tíìkì àti gmelina ti gba ipò arère àti afàrà. Kòkòrò orí igi ńlá àti ti inú ìtàkùn lẹyẹ yìí ń jẹ. Kí ni yóò wá dé ìdí tíìkì?

Ṣé dandan ni kí àgbẹ̀ kó kúrò kí ẹyẹ tó ríbi gbé? Bàbá ní rárá. Àwọn bàbá wọn kì í gé igi ńlá tán kí wọ́n tó gbin kókó. Abẹ́ ìbòòji ìrókò ni kókó wọn ń so sí, ẹyẹ sì ń ké lókè. Ẹ̀gẹ́ tí gbogbo ayé ń gbìn báyìí, oòrùn gbangba ló fẹ́, ẹ̀rọ agégi sì ti dé.

Ọmọ wọn tó ń dáko ẹ̀gẹ́ bi mí pé bí òun bá fi ìrókò kan sílẹ̀ fún ẹyẹ, ta ni yóò san owó pákó? Bàbá ní kó gbin kókó sábẹ́ rẹ̀, kó sì jẹ́ kí oní-pákó wá a tì.