Ẹ̀fínrín àti Bakitéríà Inú Ìfun: Ohun tí Àyẹ̀wò Inú Àwo Lè Fi Hàn

Ẹ̀fínrín wọ́pọ̀ lẹ́yìnkùlé ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ewé yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà máa ń já, tí wọn yóò gbo sómi tàbí kí wọ́n sè é ní àgbo. Ìbéèrè tí ó kan olùkọ́ níhìn-ín pín sí méjì: ṣé lóòótọ́ ni ewé náà ń pa bakitéríà? Bí ó bá ń pa á, ṣé ìyẹn tó láti gba ọmọ là?

Ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1969, El-Said, Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Planta Medica lórí ìwúlò ẹ̀fínrín nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà. Inú òróró tí ó fún ewé náà ní òórùn ni agbára rẹ̀ wà. Èròjà kan tí ń jẹ́ thymol, tí ó wà nínú òróró yìí, máa ń ba awọ fẹ́lẹ́ tí ó bo sẹ́ẹ̀lì bakitéríà jẹ́, ohun inú sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì máa jò dànù títí tí yóò fi kú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dán an wò rọrùn láti ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́. Onímọ̀ yóò da agar, tí í máa ń dì bí ẹ̀kọ, sínú àwo pẹlẹbẹ. Yóò fi bakitéríà bíi Escherichia coli tàbí Shigella ra ojú rẹ̀, yóò gbẹ́ ihò kékeré sí i, yóò sì kán oje ewé sínú ihò náà. Lẹ́yìn wákàtí 24 ní ìwọ̀n ooru 37°C, bakitéríà yóò ti bo ojú àwo, àyàfi ibi tí oje náà bá ti ká wọn lọ́wọ́ kò. Ibẹ̀ yóò mọ́ roboto, wọn yóò sì fi rúlà wọn ìbú rẹ̀.

Roboto yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣì túmọ̀. Ògidì òróró tí wọ́n fi ooru omi fà jáde kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbo. Òróró náà kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Bí ìkòkò bá sì ń hó láìní ìdérí, ńṣe ni ó ń bá ooru omi lọ. Òórùn dídùn tí ó gba gbogbo ilé kan, oògùn tí ń sá lọ ni. Èròjà inú ewé pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà láti igi dé igi: nínú ẹ̀fínrín mìíràn, eugenol ni ó pọ̀ jù, kì í ṣe thymol. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe bakitéríà ni ó ń fa gbogbo ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Rotavirus, tí kì í ṣe bakitéríà rárá, wà lára àwọn tí ó ń fà á jù.

Omi àti iyọ̀ ara tí ó ń bá ìgbẹ́ jáde ni ó sábà máa ń pa ọmọ. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF fi dámọ̀ràn ní ọdún 2004 pé kí wọ́n máa fún ọmọ ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, pẹ̀lú èròjà zinc fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ti inú ọ̀rá kò bá sí nílé, ṣíbí ìmutí 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí ìmutí iyọ̀, tí a gé dọ́gba létí, nínú lítà 1 omi mímọ́ ni wọ́n ń pò. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó léwu. Ọmọ tí ń mu ọyàn kò gbọdọ̀ dáwọ́ ọyàn dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ojú ọmọ jìn wọnú tí kò sì tọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, kí àgbo tó hó.