Ohun tí Màjàlà Kò Sọ Fún Wa

Ẹ̀yin ìyá wa ọ̀wọ́n, ẹ ó ti rí i rí: ẹ fọ aṣọ funfun, ẹ sá a sórí okùn, nígbà tí ẹ ó sì fi padà dé ìdí rẹ̀, màjàlà ti bà lé e. Oko kan ń jó nítòsí nìyẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ ti gbẹ koríko, ni àwọn àgbẹ̀ wa ń sun igbó àti pàǹtí oko de òjò. Aṣọ ni a máa ń bínú sí, bẹ́ẹ̀ aṣọ kọ́ ni ó wà nínú ewu.

Màjàlà tóbi, ilẹ̀ ni ó ń bà sí. Ṣùgbọ́n nínú èéfín kan náà ni eruku kan wà tí ojú kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5. Bí a bá to nǹkan bí 30 rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìbú irun orí kan ṣoṣo ni. Imú kò lè sẹ́ ẹ. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń lọ, ibẹ̀ ni díẹ̀ sì ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá èémí lójijì. Òtútù àyà a sì máa tètè mú ọmọ kékeré, nítorí pé ọ̀nà èémí rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ń mí kíákíá ju àgbà lọ.

Ikọ́ ọyẹ́ ni a sábà máa ń pè é. Kí ẹ má baà ṣì í mọ̀, ẹ wo àyà ọmọ náà nígbà tí kò sunkún, kí ẹ sì ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Bí ọmọ oṣù 2 sí 11 bá mí tó ìgbà 50, tàbí tí ọmọ ọdún 1 sí 4 bá mí tó ìgbà 40, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọnú, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ẹ má ṣe dúró se àgbo rárá.

Bí èéfín bá ń bọ̀, ẹ ti fèrèsé, ẹ má sì dáná igi nínú ilé. Aṣọ tí a rẹ sínú omi tí a fi bo imú kò lè sẹ́ eruku yìí. Ìrọ̀lẹ́ àti òwúrọ̀ ọyẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí pé ìgbà náà ni èéfín ń sùn sílẹ̀.

Kò yẹ kí a torí èyí bá baálé ilé jà. Iná kò gba owó, alágbàṣe ń gbà á. (Àwa tí a ń gbá ewé jọ tí a ń sun ún ní ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ tiwa náà kò mọ́.) Ṣùgbọ́n pòròpórò àgbàdo tí a tẹ́ sáàárín ebè a máa pa ọ̀rinrin mọ́, a sì máa jẹrà di ajílẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ó sun ún, kí ó jẹ́ ọjọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́ sọ́nà ilé, kí iná náà kú pátápátá kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ilé, kí ẹ lè kó àwọn ọmọ wọlé kí ẹ tó kó aṣọ.